Yìnyín Etí Fírísà

Wọn kò já ilẹ̀kùn. Wọn kò da yàrá rú. Àpótí ìgò kékeré kan ṣoṣo ló pòórá nínú fírísà ńlá yunifásítì ní Saskatoon, ìgò oògùn kan sì bá a lọ láti orí pẹpẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ pe Ìnsípẹ́tọ̀ Orest Bilyk láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ nìyẹn.

"Kí ló wà nínú àpótí náà?" Bilyk béèrè.

Dókítà Brent Kessler, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi yàrá náà lé lọ́wọ́, ló dáhùn. "Bakitéríà Ọ̀jọ̀gbọ́n Friesen ni. Màmá náà fẹ̀yìn tì lóṣù tó kọjá. Ẹ má wulẹ̀ wá a jìnnà. Bí ikú ilé kò bá pa ni, tòde kò lè pa ni. Halina ló kúrò níbí kẹ́yìn lánàá. Mo ti fi tó àwọn aláṣẹ létí. Lọ́la ni wọn yóò lé e."

Halina Wojtas dúró lẹ́bàá fèrèsé. Ọmọbìnrin gíga kan ni, láti Poland ló ti wá gba oyè ọ̀mọ̀wé. Ojú rẹ̀ pọ́n, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n.

"Kí ni mo fẹ́ jí i fún, ọ̀gá? Gbogbo iṣẹ́ mi ló wà nínú àpótí yẹn. Bí kò bá sí i, kò sí oyè."

"Ṣàlàyé iṣẹ́ náà bí ẹni ń ṣàlàyé fún ìyá rẹ."

"Ìyá mi ti mọ̀ ọ́n. Mo ti fi yọ ọ́ lẹ́nu tó." Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. "Ẹ́ńsáìmù kan, èròjà tó ń mú ara ṣiṣẹ́, wà tí ọpọlọ ènìyàn ń ṣe. A fẹ́ mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́, nítorí àwọn tí ọpọlọ wọn ń ṣàìsàn. A kò sì lè la orí ènìyàn láti bù ú. Ọ̀jọ̀gbọ́n wá fi apilẹ̀ àbùdá tó ń kọ́ ara bí a ṣe ń ṣe ẹ́ńsáìmù yẹn sínú bakitéríà, àwọn ló ń bá wa ṣe é."

"Oògùn tí wọ́n kó ńkọ́?"

"Inú oúnjẹ wọn là ń fi sí. Ẹrù ni apilẹ̀ àbùdá yẹn jẹ́ fún wọn, ọ̀lẹ sì ni wọ́n. Bí a kò bá ṣọ́ wọn, wọ́n á sọ ọ́ nù. Ohun tó ń gbà wọ́n lọ́wọ́ oògùn náà la dì mọ́ ẹrù yẹn. Èyí tó bá sọ ẹrù nù, oògùn á pa á."

Bilyk yíjú sí fírísà. Yìnyín ti hu irùngbọ̀n sí etí rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìsàlẹ̀ títí dé ibi imú Bilyk, ẹnìkan ti ha á mọ́ tónítóní. Lókè, ó ṣì nípọn.

"Ta ló ha èyí?"

Gordon Desjarlais, òṣìṣẹ́ yàrá náà, ló rẹ́rìn-ín. Ó ga débi pé ó máa ń tẹrí ba kó tó wọlé. "Òfin Màmá Friesen nìyẹn. Kí o tó ti fírísà, ha yìnyín etí rẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ní í padé dáadáa. Ìgbà tí mo bá ń ha tèmi, òkè ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀. Kì í sì í ṣe Halina. Mo ti bá a wí títí ẹnu fi bó mi. Ó máa ń gbá ilẹ̀kùn bí ẹni tí ajá ń lé."

"Ẹ ṣeun, Gordon," ni Halina wí.

"Mò ń gbà ọ́ sílẹ̀, o tún ń yínmú sí mi."

"Ẹ̀yin ńkọ́, Dókítà, ẹ máa ń ha á?"

"Irin àtijọ́ yẹn?" ni Kessler wí. "Lọ́la ni wọn yóò gbé e dànù."

"Tòun ti ohun tó wà nínú rẹ̀?"

Kessler fọwọ́ júwe yàrá náà yí ká. "Kò sí àyè. Mo ní kí wọ́n da ohun inú rẹ̀ sínú omi apakòkòrò. Mo fi tó Ọ̀jọ̀gbọ́n létí lórí fóònù lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ó dúpẹ́, ó sì gbé fóònù sílẹ̀."

Halina yíjú sí i. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún un rí.

"Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà," ni Gordon wí fún ilẹ̀, "kò lè lákìísà bí àgbà."

Bilyk wa mọ́tò lọ sí ilé kan létí odò. Wilma Friesen fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Orí rẹ̀ kò kọjá àyà Bilyk. Òórùn kíkan kan ń ti ilé ìdáná bọ̀, níbi tí ọkọ rẹ̀, Abe, jókòó sí. Olùkọ́ ni Abe tẹ́lẹ̀. Nísinsìnyí, orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ kò wá sí i lẹ́nu mọ́.

"Wilma, ọlọ́pàá dé. Mo sọ fún ọ pé nǹkan rírùn yìí á kó wa sí wàhálà."

"Jẹ páì rẹ, Abe."

Bilyk jókòó. "Màmá, ẹni tó jí ajá, tó tún gbé àwo oúnjẹ rẹ̀, kò fẹ́ pa ajá náà. Ẹni tó kó oògùn yẹn fẹ́ kí àwọn bakitéríà máa ru ẹrù wọn lọ. Ó tún dúró ha yìnyín. Olè wo ló ń tọ́jú fírísà tó ń jà lólè? Halina kì í ha á. Kessler kò kà á sí. Bí ó bá jẹ́ Gordon ni, òkè ni ì bá kọ́kọ́ mọ́. Ibi tí ọwọ́ yín mọ ni iṣẹ́ náà mọ, kọ́kọ́rọ́ yàrá sì ṣì wà lọ́wọ́ yín."

Wilma da tíì sí ife fún un. "Wọ́n wà lẹ́yìnkùlé, nínú yìnyín gbígbẹ, èyí tí kì í yọ́ di omi. Mo fi oúnjẹ olóògùn bọ́ díẹ̀ nínú wọn ní ilé ìdáná, láti mọ̀ bóyá wọ́n ṣì ń ru ẹrù wọn. Wọ́n ń rù ú."

"Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún Halina?"

"Bí ó bá mọ̀, á parọ́ nítorí mi. Ọmọ yẹn kò sì mọ irọ́ pa."

"Òun ni wọ́n sọ pé ó jí i, Màmá. Lọ́la ni wọ́n fẹ́ lé e."

Wilma dìde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà òtútù rẹ̀ kó tó rántí ẹ̀wù.

"Níbo lò ń lọ?" Abe béèrè.

"Mo fẹ́ lọ sọ òótọ́."

"Wọ ìbọ̀wọ́." Bó ti gbàgbé orúkọ ọmọ tó, kò tíì gbàgbé ìyẹn.

Ní yàrá náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n gbé àpótí ka tábìlì níwájú Kessler. "Èmi ni mo jí i."

"Dúkìá yunifásítì ni," Kessler wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, ó sì ti padà," ni Bilyk dáhùn. "Bí ẹ bá dé kóòtù, adájọ́ á béèrè bí ènìyàn ṣe ń jí ohun tí ẹ ti ní kí wọ́n dà nù. Ẹ wá èsì rẹ̀ sílẹ̀."

Kessler wo Halina, ó wo àpótí. "Fírísà náà lè dúró títí Halina yóò fi parí iṣẹ́ rẹ̀," ló wí níkẹyìn. "N óò pe àwọn aláṣẹ, n óò sọ pé mo ṣìnà." Ó jáde lọ tẹ fóònù.

Halina gbé àpótí padà sí àyè rẹ̀. Ó di ilẹ̀kùn mú láti gbá a, ó sì dáwọ́ dúró. Ó mú igi ìhayìnyín tó wà ní ẹ̀gbẹ́, ó ha etí fírísà láti ìsàlẹ̀, ó kọjá ibi tí ọwọ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n mọ, ó sì ha á dé òkè pátápátá. Gordon la ẹnu. Màmá Friesen fọwọ́ kàn án nígùnpá. Gordon pa ẹnu dé.

Ilẹ̀kùn náà padé, kò pariwo.