Òdo Tí Àbúrò Fi Rọ́pò Oókan

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé tiyín ti parí?"

"Ó ti parí. Jẹ́ kí n lọ mumi, ọ̀fun mi ti gbẹ."

Ẹ̀gbọ́n dìde ní yàrá kọ̀ǹpútà ilé ìwé wọn, ó fi ẹ̀rọ rẹ̀ sílẹ̀ ní ṣíṣí. Ta ló ń ṣọ́ra fún ọmọ ìyá ẹni?

Kíláàsì kan náà ni tẹ̀gbọ́n-tàbúrò wà, torí àìsàn ti dá ẹ̀gbọ́n dúró lọ́dún kan. Olùkọ́ ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan kọ ọkàn kọ̀ǹpútà kékeré, ìyẹn ètò tó ń darí gbogbo ètò yòókù. Ẹni tí tirẹ̀ bá dára jù lójú àwọn àlejò láti yunifásítì ni wọ́n máa mú lọ kàwé lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹnì kan péré.

Ọkàn yìí ló ń pín ibi ìrántí ẹ̀rọ sí abala kéékèèké tí wọ́n ń pè ní ojú ewé, kí ètò kan má baà wọ ilẹ̀ onílẹ̀. Tábìlì kan ló ń tọ́ka ibi tí ojú ewé kọ̀ọ̀kan wà, àwọn àmì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan: oókan ni bẹ́ẹ̀ ni, òdo ni bẹ́ẹ̀ kọ́. Àmì kan ń sọ bóyá a lè kọ nǹkan sí ojú ewé náà, òmíràn ń sọ bóyá ojú ewé náà tiẹ̀ wà rárá.

Àbúrò mọ̀ pé tòun ò tó ìdajì tẹ̀gbọ́n. Ó wẹ̀yìn wò. Ó wá ojú ewé tí ọkàn náà fúnra rẹ̀ jókòó lé, ó yí àmì "ó wà" padà sí òdo kí ẹ̀rọ lè gbà pé ọkàn náà ò sí níbẹ̀, ó sì padà sáyè rẹ̀ bí ẹni tí kò fọwọ́ kan nǹkan.

Lọ́jọ́ ìdánwò, bàbá wọn, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ títún fíríìjì ṣe, jókòó níwájú. Ẹ̀gbọ́n tan ẹ̀rọ. Ó tàn, ó kú, ó tún tàn, ó tún kú.

"Ṣé iná oríta lo ṣe fún wa ni?" àlejò kan béèrè. Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín.

Bàbá ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. "Àṣé àìsàn yẹn kó ọpọlọ rẹ lọ lóòótọ́. Ìdí fíríìjì ni kí o wá máa jókòó."

Àbúrò ni wọ́n mú. Ṣùgbọ́n ní yunifásítì, ohun tí kò yé e kò yé e, kò sì sí ẹ̀gbọ́n tó máa là á yé e. Ó kùnà títí wọ́n fi ní kó máa lọ sílé.

Ṣọ́ọ̀bù bàbá ló gbà lọ. Ẹ̀gbọ́n ń tú ẹ̀yìn fíríìjì, ọwọ́ rẹ̀ kún fún àpá iná.

"Ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni mo yí àmì yẹn padà."

"Mo mọ̀. Nígbà tí mo tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn ìdánwò ni mo rí i. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà."

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ?"

"Mo sọ fún bàbá. Wọ́n ní ẹni tó ti wọlé ti wọlé, kí n má ba tìẹ náà jẹ́."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí."

"Mi ò ní dárí jì ẹ́." Ohùn rẹ̀ ò ga. "Na sípánà yẹn sí mi, kí o máa lọ."

Àbúrò nà án sí i, ó jáde. Níbẹ̀ ló ti wá yé e pé ipò tí a bá fi èrú gbà kì í gbé èèyàn ró, àti pé kì í ṣe gbogbo ọ̀ràn ni ẹ̀bẹ̀ ń tán.