Aṣọ Tí Ilẹ̀ Kọ̀ Láti Jẹ

Iṣẹ́ tí Ẹ̀gbọ́n Aláṣọ rán sí àbúrò rẹ̀ dé, ṣùgbọ́n ọjọ́ kan ti kọjá kó tó dé. Dírẹ́fà tó ń bá a kó ẹrù ló jẹ́ ẹ. Ọkùnrin náà dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù aránṣọ, ó ń fi fìlà fẹ́ ara rẹ̀ bí ẹni tí kò ru nǹkan mìíràn ju ooru lọ.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí. Ẹ̀gbọ́n yín ní kẹ́ ẹ má tíì gé aṣọ funfun yẹn. Wọ́n ní àwọn máa pààrọ̀ ẹ̀ fún yín."

Aránṣọ yọ abẹ́rẹ́ tó fi ètè há. "Aṣọ funfun wo?"

"Èyí tí mo já sílẹ̀ níbí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó jọ pé kì í ṣe òwú."

"Kí wá ni?"

"Wọ́n ní aṣọ ọ̀rá ni, èyí tó dà bí ike. Àná ni wọ́n ti rán mi, Àǹtí. Táyà ló jò mọ́ mi lọ́wọ́."

Àná! Àná ni aránṣọ fọwọ́ ara rẹ̀ di àwọn épírọ́ọ̀nù tó fi aṣọ yẹn rán sínú àpò, tó sì gbé wọn lọ sí ilé búrẹ́dì. Nídìí ààrò ilé búrẹ́dì ọ̀hún ni àbíkẹ́yìn ilé wọn ti ń ṣiṣẹ́, ọmọbìnrin tí gbogbo wọn ń pè ní Oníbúrẹ́dì. Òwú ni àwọn ọ̀gá ibẹ̀ béèrè. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ aṣọ ọ̀rá nítorí iná, àwọn ò sì fẹ́ ohun tí yóò gbó tán tí yóò tún wà nínú gọ́tà títí ọmọ ọmọ àwọn yóò fi dàgbà. Aránṣọ fi dá wọn lójú pé òwú ni. Àmì ewé tútù kan wà létí aṣọ náà, wọ́n sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: Òwú gidi, ọ̀rẹ́ ilẹ̀.

Ó na ọwọ́ sí fóònù. Ṣé ẹ̀gbọ́n òun ò ní fóònù ni? Obìnrin tó máa ń pè é tó bá lá àlá eku! Obìnrin tó máa ń pè é láti béèrè bóyá òjò ń rọ̀ lọ́dọ̀ wọn! Ọ̀rọ̀ tó lè gba ẹ̀mí èèyàn wá délẹ̀, ọkọ̀ tí táyà rẹ̀ ń jò ló rò pé ó yẹ kó gbé e wá.

Kó tó tẹ nọ́ńbà ilé búrẹ́dì, fóònù náà dún.

"Àǹtí, ẹ máa bọ̀," ni ohùn kan wí. "Iná ti jó àbúrò yín."

* * *

Orí bẹ́ẹ̀dì nítòsí fèrèsé ilé ìwòsàn ni wọ́n tẹ́ Oníbúrẹ́dì sí. Wọ́n ti fi báńdéèjì wé e láti ìgúnpá dé ìka ọwọ́ ọ̀tún, wọ́n sì bo àyà rẹ̀. Nígbà tó rí aránṣọ, ó gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín.

"Àǹtí, ẹ wò mí. Mo ti ń yan búrẹ́dì tipẹ́, èmi náà wá wọ ààrò."

Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. Aránṣọ ò lè rẹ́rìn-ín.

"Báwo ló ṣe ṣẹlẹ̀?"

"Iná ta pàrà, ó bà lé mi láyà. Mo fẹ́ fọwọ́ pa á, àṣé aṣọ náà ti ń yọ́. Ó lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́, Àǹtí. Mo ń gbọn ọwọ́, kò já." Ó wo ọwọ́ tí wọ́n wé náà. "Tẹ́lẹ̀ rí, mo máa ń jìnnà sí ẹnu ààrò. Ṣùgbọ́n ẹ ní òwú lèyí. Ẹ̀yin lẹ rán an. Kí ni mo tún fẹ́ máa bẹ̀rù?"

Kò sí èébú tó dun aránṣọ bí ìbéèrè yẹn láyé.

Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú Oníbúrẹ́dì pe aránṣọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì na àjákù épírọ́ọ̀nù náà sí i. Etí rẹ̀ ti dì, ó le, ó dúdú, ó ń dán bí ike tó yọ́.

"Ta ló sọ fún wọn pé òwú nìyí?" Ohùn nọ́ọ̀sì náà le. "Ẹ gbọ́, òwú náà ń jóná, kẹ́nikẹ́ni má tàn yín. Ṣùgbọ́n eérú ló ń dà. Èyí ń yọ́ bí àbẹ́là ni, á wá lẹ̀ mọ́ awọ. Ẹ dúpẹ́ pé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbọ́n. Wọ́n pa iná náà, wọ́n fi omi tútù tó ń ṣàn sí i lára, ó pẹ́ dáadáa, wọn ò sì fa èyí tó ti lẹ̀ mọ́ ọn. Àwọn mìíràn ì bá ti fi ọṣẹ ìfọyín kùn ún, tàbí ẹyin. Ká ní wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ mìíràn là bá máa sọ báyìí."

"Ṣé ọwọ́ rẹ̀ á padà ṣiṣẹ́?"

"A ń retí bẹ́ẹ̀. Ti àwọn ìka ni n ò tíì lè ṣèlérí."

Ọwọ́ tó ń po ìyẹ̀fun, ọwọ́ tó fi ń jẹun! Aránṣọ jókòó sórí àga, ó di àjákù aṣọ náà mú.

Ìdí tí inú fi bí i sí ara rẹ̀ ni pé òfin kan wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá gbé aṣọ wá, wọn ò ní fi sísọ́ọ̀sì kàn án láìṣe pé wọ́n fa fọ́nrán díẹ̀ yọ lára rẹ̀, kí wọ́n fi irin tínrín dì í mú lókè abọ́ omi, kí wọ́n sì ṣáná sí i. Bó bá ń rùn bí ìwé tó ń jó, tí eérú rẹ̀ sì rọ̀, òwú ni. Bó bá súnkì sá fún iná, tí èéfín rẹ̀ dúdú, tó sì di kóró líle, ọ̀rá ni. Bó bá ṣe méjèèjì, wọ́n ti lú u pọ̀ nìyẹn. Gbogbo àwọn tó ń tà á láṣọ ló mọ òfin yìí, wọ́n sì máa ń fi ṣẹ̀fẹ̀ pé aṣọ àwọn máa ń ṣe ìdánwò kí wọ́n tó gbà á wọlé.

Aṣọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìkan ni kì í ṣe ìdánwò. Lọ́jọ́ kan tí ẹ̀gbọ́n náà bá ìṣáná lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní: "Aṣọ tèmi lo fẹ́ dáná sun? Ṣé mo wá di olè lójú ẹ ni?" Ojú ti aránṣọ. Láti ọjọ́ náà, orí tábìlì ìgéṣọ tààrà ni ẹrù ẹ̀gbọ́n ń lọ. Ó pe ìyẹn ní ọ̀wọ̀.

* * *

Ẹ̀gbọ́n dé ilé bàbá wọn ní ọjọ́ kejì, ó sunkún títí gèlè fi bọ́ lórí rẹ̀.

"Ìdì kan ṣoṣo ni," ló ń wí. "Àwọn tó ń kó o wá ló tàn mí. Bí mo ṣe gbọ́ ni mo rán dírẹ́fà. Kí ni mo tún lè ṣe?"

Aránṣọ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á gbọ́. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, ó sì wu èèyàn kí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ jẹ́ òótọ́.

Àmọ́ bàbá wọn ní ebè ewébẹ̀ kan lẹ́yìn ilé. Àjákù aṣọ òwú láti ṣọ́ọ̀bù aránṣọ wà lára ohun tó ń rì mọ́lẹ̀ níbẹ̀, nítorí òwú máa ń jẹrà, ilẹ̀ á sì fi ṣara. Ẹ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ pé kó kó ti òun náà mọ́ ọn: "Òwú ni, Bàbá, ẹ rì í. Ọ̀rẹ́ ilẹ̀ ni." Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé ìjàǹbá yẹn, Bàbá ń tú ilẹ̀ láti gbin tòmátò, ó sì ké sí aránṣọ.

"Aránṣọ! Wá wo ohun tí ilẹ̀ bì. Ewébẹ̀ ni mo gbìn, aṣọ ni mo ń kórè."

Aránṣọ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wò ó. Àjákù aṣọ aláwọ̀ òféfèé olódòdó wà níbẹ̀, èyí tó fi rán aṣọ ìsùn fún àwọn ọmọdé lọ́dún tó kọjá. Òféfèé náà ṣì ń dán, etí rẹ̀ ṣì mú bí ìgbà tí sísọ́ọ̀sì kọjá lára rẹ̀. Oníyẹ́lò wà níbẹ̀. Onílà pupa wà níbẹ̀. Òwú tó rà lọ́wọ́ àwọn mìíràn ti di ilẹ̀, kò kù ju fọ́nrán díẹ̀ lọ. Ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìkan ni ilẹ̀ kọ̀ láti jẹ.

"Bàbá, ẹ bá mi mú ìṣáná wá."

Ó fọ àjákù olódòdó náà, ó sá a, nígbà tó gbẹ ó fa fọ́nrán rẹ̀ yọ, ó dì í mú lókè abọ́ omi. Fọ́nrán náà súnkì, èéfín dúdú jáde, kóró líle kan sì já bọ́ sínú omi.

Bàbá fi ọkọ́ rẹ̀ ti ògiri, ó sì wọlé.

Kì í ṣe ìdì kan ṣoṣo, kì í sì í ṣe àṣìṣe. Àwọn ọmọdé ń fi aṣọ yẹn sùn nílé tí àbẹ́là wà, nílé tí sítóòfù wà. Nígbàkúùgbà tí ìyá wọn bá sì fọ̀ ọ́, fọ́nrán ọ̀rá tí ojú ò lè rí ń bá omi ọṣẹ lọ sínú odò, ẹja ń gbé e mì. Ara epo rọ̀bì ni wọ́n ti mú un jáde, wọ́n wá fi ewé tútù bo ojú rẹ̀.

* * *

Ó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, láàárín àwọn ìdì aṣọ tó ga dé àjà. Lórí tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ife tíì, òǹtẹ̀ kékeré kan wà níbẹ̀, tàdáwà aláwọ̀ ewé ṣì tutù lẹ́nu rẹ̀. Aránṣọ tẹ̀ ẹ́ mọ́ àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀. Ewé kan jáde: Òwú gidi, ọ̀rẹ́ ilẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ̀ ń tẹ̀ ẹ́."

Ẹ̀gbọ́n ò tilẹ̀ jiyàn. Ó rẹ̀ ẹ́ láti máa parọ́. "Ìgbà tí mo gbọ́ pé épírọ́ọ̀nù nídìí iná lo fi rán ni mo rán dírẹ́fà, torí bí mo bá pè ẹ́, wàá bi mí bí mo ṣe mọ̀. Gbogbo ayé ló ń béèrè aṣọ tí kò ba ayé jẹ́ báyìí. Kí n ṣe báwo? Ewé yẹn ni wọ́n ń rà, kì í ṣe aṣọ. Ta ló ń dáná sun aṣọ kó tó wọ̀ ọ́?"

"Àbúrò wa ló dáná sun ún, Ẹ̀gbọ́n. Ara rẹ̀ ló fi dán an wò."

Ẹ̀gbọ́n wolẹ̀. Ìgbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti rọ̀. "Jọ̀ọ́. Sọ fún ilé búrẹ́dì pé àbúrò wa ni kò ṣọ́ra nídìí iná. Wọ́n á tọ́jú ẹ̀, èmi náà á tọ́jú ẹ̀. Nígbà tí ìyá wa kú, ta ló ń wẹ̀ yín? Ta ló fi ẹ sẹ́nu iṣẹ́ aṣọ? Ẹ̀rọ tó o fi ń rán aṣọ jẹun lónìí, ta ló rà á fún ẹ? Bò mí láṣìírí."

Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Òun ló wẹ̀ wọ́n, òun ló rà á.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ka ìtàn yìí, kí aránṣọ tó dáhùn, mo fẹ́ kí ẹ wo ọrùn aṣọ tó wà lára yín. Àmì wo ló wà níbẹ̀, ta ló sì tẹ̀ ẹ́? Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó tà á ohun tí wọ́n fi hun ún àti ibi tó ti wá. Bí kò bá lè sọ ọ́, ẹ má fi ewé tútù ṣe ẹ̀rí. Ẹ fa fọ́nrán rẹ̀ yọ, kí ẹ dán an wò lókè omi níbi tí ọmọdé ò sí, bó tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀gbọ́n yín ló tà á. Ẹni tó ń dúró nídìí iná, òwú tó nípọn ni kó wọ̀. Òwú náà ní ìnira tirẹ̀, omi púpọ̀ ló ń mu lóko, nítorí náà ẹ má máa rà á bí ẹni ń ra gúgúrú. Aṣọ tó sàn jù fún ilẹ̀ ni èyí tó ti wà nínú àpótí yín, tí abẹ́rẹ́ ṣì lè tún ṣe. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń tẹ òǹtẹ̀, ìka ọmọ kan wà nínú báńdéèjì.

Aránṣọ fi òǹtẹ̀ náà sílẹ̀ lórí tábìlì. Ewé náà ṣì wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, kò nù ún.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti ṣe ìyá fún mi, n ò ní gbàgbé. Ṣùgbọ́n ilé búrẹ́dì ni mò ń lọ báyìí. Màá kó gbogbo épírọ́ọ̀nù tí wọ́n ti bọ́ sílẹ̀ láti ọjọ́ iná náà kúrò níbẹ̀, màá sì sọ fún wọn pé ọ̀rá ni, pé ọwọ́ yín ni mo ti gbà á, àti pé èmi ni mi ò dán an wò. Lẹ́yìn náà, màá máa lọ láti ojúlé dé ojúlé, sọ́dọ̀ gbogbo ọmọ tí mo rán aṣọ ìsùn fún. Bí àwọn aláṣẹ bá bi mí, bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín yìí ni màá sọ ọ́ fún wọn. Ẹ lè bá mi lọ, ẹ sì lè dúró. Èmi ń lọ."