Sínáì Tó Wà ní Ìgándò

Ọ̀gbẹ́ni Olúsànyà, tíṣà tó ń kọ́ wọn ní Jọ́gíráfì, fi dọ́sítà gbá orí tábìlì kí ariwo lè dákẹ́. Ẹfun tú sókè, ó bo gbogbo irùngbọ̀n rẹ̀, kíláàsì sì bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ wò ó, mo ti funfun bí orí Kilimanjáró," ni tíṣà wí, òun náà sì ń rẹ́rìn-ín. "Ó yá, ta ló kàn?"

Ọjọ́ Òkè ni wọ́n ń ṣe lọ́jọ́ náà. Ọdún 1991 ni, ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìkọ̀tún, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́ pẹrẹsẹ débi pé ọ̀pọ̀ ọmọ kíláàsì náà kò tíì rí òkè gidi rí àfi nínú ìwé. Ilé ẹ̀kọ́ fẹ́ kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ gun Olúmọ ní Abẹ́òkúta. Ọkọ̀ kò lè gba gbogbo ènìyàn, nítorí náà ẹnì kan ṣoṣo ni kíláàsì kọ̀ọ̀kan lè rán lọ. Tíṣà wá ní kí olúkúlùkù sọ̀rọ̀ nípa òkè kan tó lókìkí láyé, kó sì pa ìtàn tí àwọn ará ibẹ̀ ń pa nípa rẹ̀. Ẹni tí kíláàsì bá dìbò fún ni yóò lọ.

Tòún fẹ́ lọ débi pé oorun rẹ̀ kò já geere mọ́. Kò tíì pẹ́ tó dé ilé ẹ̀kọ́ náà, kò sì lọ́rẹ̀ẹ́ kankan ju Lucy tí wọ́n jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà lọ. Nǹkan kan wà tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ níbẹ̀. Aláṣọ funfun ni wọ́n nílé wọn, ìjọ Aládùúrà kan ní Ìgándò ni wọ́n ń lọ. Ní ilé ẹ̀kọ́ tó ti kúrò, "Ẹlẹ́sẹ̀ Lásán" ni wọ́n sọ ọ́, nítorí pé wọ́n rí i tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láìwọ bàtà. Orúkọ yẹn dùn ún wọra, kò sì fẹ́ kó tẹ̀ lé òun dé Ìkọ̀tún.

Lucy ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Kilimanjáró, òkè tó ga jù nílẹ̀ Áfíríkà, ni ó mú. Ó ní orí méjì ni òkè náà ní, Kíbò àti Mawẹ́ńsì, àti pé àwọn ará ìdí òkè náà gbà pé aládùúgbò ni àwọn méjèèjì láyé àtijọ́. Ọ̀lẹ ni Mawẹ́ńsì. Iná ìdáná rẹ̀ kì í pẹ́ kú, á sì lọ tọrọ iná lọ́wọ́ Kíbò. Lọ́jọ́ kan, ó lọ, ó tún lọ, ó tún padà lọ. Inú bí Kíbò, ó gbé ọmọ odó, ó lù ú lórí.

"Ìdí nìyẹn," ni Lucy wí, "tí orí Mawẹ́ńsì fi rí págunpàgun títí dòní."

"Màmá mi ò gbọdọ̀ gbọ́ ìtàn yìí o!" ni Festus pariwo láti ẹ̀yìn, gbogbo wọn sì bú sẹ́rìn-ín. Festus ni aláwàdà kíláàsì. Nígbà tó kan òun, ó ní ilẹ̀ Gíríìkì ni òkè tòun wà, Òlíńpọ́ọ̀sì, níbi tí àwọn ará ibẹ̀ láyé àtijọ́ gbà pé àwọn òrìṣà wọn ń gbé. "Wọ́n ń jẹ, wọ́n ń mu, wọ́n sì ń bá ara wọn jà. Kò sí iṣẹ́ àṣetiléwá níbẹ̀ rárá. Ẹ bá mi wá fọ́ọ̀mù wọn, jàre!"

Éfúrẹ́sìtì ni Tòún ti múra sílẹ̀ láti sọ. Ó ti kọ́ bí àwọn ará Tíbẹ́ẹ̀tì ṣe ń pè é ní ìyá ayé, tí wọn kì í gùn ún láìkọ́kọ́ tọrọ àyè. Àfi bí Kẹ́mi ṣe dìde ṣáájú rẹ̀, tó sì sọ gbogbo rẹ̀ pátá. Báyìí ni Tòún ṣe dé iwájú kíláàsì láìní òkè kankan lọ́wọ́. Òkè kan ṣoṣo tó kù lórí rẹ̀ ló já bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Sínáì ni tèmi. Èmi àti bàbá mi máa ń gùn ún."

"Háà!" ni gbogbo kíláàsì ké.

Ẹ má tíì bá a wí o. Tòún kò tíì purọ́ nígbà yẹn. Òkìtì iyẹ̀pẹ̀ kan wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Ìgándò, kò ga ju àyà àgbàlagbà lọ, Sínáì sì ni gbogbo ìjọ ń pè é. Bí bàbá Tòún bá fẹ́ lọ gbàdúrà, yóò ní, "Mo ń lọ gun Sínáì," yóò sì bọ́ bàtà rẹ̀ bí Mósè ṣe bọ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n Sínáì inú Bíbélì nìkan ni àwọn ọmọ kíláàsì mọ̀. Wọ́n sì ti rí Tòún tó ń sọ̀ kalẹ̀ nínú Píjò tuntun láàárọ̀, wọn kò mọ̀ pé awakọ̀ ni bàbá rẹ̀, pé ọ̀gá rẹ̀ ní Ìkẹjà ló ni ọkọ̀. Lójú tiwọn, ọmọ olówó ni, ọmọ olówó sì lè dé ibikíbi.

"Sínáì ti Íjíbítì?" ni Festus béèrè.

Ká ní Tòún sọ pé rárá, ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó wo gbogbo ojú tó là sílẹ̀ tó ń wò ó, àwọn ojú tí kì í wò ó tẹ́lẹ̀, orí rẹ̀ sì wú.

"Sínáì mélòó ló wà?" ni ó fèsì.

Bí irọ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó sọ bí ọkọ̀ òfurufú ṣe gbé wọn. Ó sọ bí oòrùn ṣe ń mú nínú aṣálẹ̀. Ó ní ràkúnmí kan na ọrùn, ó já fìlà bàbá òun gbà, ó sì jẹ ẹ́. Kíláàsì rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wọn. Nígbà tí wọ́n dìbò, ọwọ́ tó lọ sókè fún Tòún ló pọ̀ jù, ọwọ́ Lucy sì wà lára wọn.

Nígbà tí wọ́n jáde ilé ẹ̀kọ́, Lucy fa fìlà ráfíà kan yọ nínú báàgì rẹ̀.

"Gbà. Wọ́n ní oòrùn máa ń mú lórí Olúmọ. Mo ti rà á sílẹ̀ de ara mi tẹ́lẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ìwọ lò ń lọ báyìí."

"Kò dùn ẹ́ ni?"

"Ó dùn mí ṣá. Ṣùgbọ́n inú ìwé ni mo ti rí òkè tèmi, ìwọ fi ẹsẹ̀ ara rẹ gun tìẹ. Ìwọ ló tọ́ sí."

Tòún gba fìlà náà. Ó fúyẹ́, ṣùgbọ́n bí ẹni gbé omi lórí ló ṣe gbé e délé.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, òun àti bàbá rẹ̀ lọ sí Sínáì. Ó bọ́ bàtà, ó dúró lórí iyẹ̀pẹ̀, àdúrà kò sì wá sí i lẹ́nu. Ó wá bi bàbá rẹ̀ ní ohun tí kò bi í rí.

"Dádì, àwọn bíríkìlà ló da iyẹ̀pẹ̀ yìí sí ibí ni?"

"Bíríkìlà kẹ̀?" Bàbá rẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Ìdànrè ni Ìyá Ìjọ tó dá ìjọ wa sílẹ̀ ti wá. Òkè ló yí ìlú wọn ká. Nígbà tí wọ́n dé Ìgándò, wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì, wọn ò rí òkè kankan, wọ́n sì bú sẹ́kún. Ibo ni wọn yóò ti máa gbàdúrà? Ni wọ́n bá ní kí ẹnikẹ́ni tó bá ti darapọ̀ mọ́ ìjọ bu iyẹ̀pẹ̀ ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ wá. Iyẹ̀pẹ̀ Akówọnjọ wà níbí. Ti Ìyànà Ìpájà wà níbí. Ọjọ́ tí a sọ ọ́ lórúkọ ni mo fi abọ́ ìyá rẹ bu tiwa wá. Iyẹ̀pẹ̀ tìẹ wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ níbẹ̀ yẹn."

Tòún wo abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ojú tì í, kì í ṣe nítorí òkìtì náà mọ́, bí kò ṣe nítorí pé ó ti fi í pamọ́.

Lọ́jọ́ kejì, kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ó dìde.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, Sínáì tí mo ń gùn, Ìgándò ló wà. Òkìtì iyẹ̀pẹ̀ ni. Aláṣọ funfun ni wá, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì wa ló wà. N kò dé Íjíbítì rí, n kò sì tíì fojú rí ràkúnmí."

"Fìlà bàbá ẹ wá ńkọ́?" ni Festus béèrè.

"Ó wà nílé," ni Tòún dá a lóhùn.

Ẹ̀rín tó bẹ́ sílẹ̀ pọ̀ débi pé tíṣà kíláàsì kejì yọjú wò wọ́n. Ọ̀gbẹ́ni Olúsànyà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n panu mọ́.

"Tòún, o purọ́ gba ipò ẹlòmíràn. Lucy tí ìbò rẹ̀ tẹ̀ lé tìẹ ni yóò lọ sí Olúmọ. Ìwọ yóò máa gbá kíláàsì yìí títí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ yóò fi parí."

"Ẹ ṣé sà. Ẹ má bínú." Ó fún Lucy ní fìlà rẹ̀ padà. Omi lé ròrò sí i lójú, nítorí Olúmọ ti lọ nìyẹn.

"Má tíì jókòó," ni tíṣà wí. "Ta ló kó iyẹ̀pẹ̀ náà jọ?"

Tòún sọ ọ́ bí bàbá rẹ̀ ṣe sọ ọ́, láti orí ẹkún Ìyá Ìjọ títí dé abọ́ ìyá rẹ̀. Kò bu iyọ̀ sí i. Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Ọ̀gbẹ́ni Olúsànyà ní tirẹ̀ ti gbàgbé ìbínú rẹ̀, ojú rẹ̀ ń dán.

"Ẹ gbọ́ èyí. Ní ilẹ̀ Jàpáànù, òkè mímọ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní Fújì."

"Fújì kẹ̀, sà? Ta lolórin ibẹ̀?" ni Festus wí.

"Òkè ni mo pè é, Festus! Láyé àtijọ́, àwọn arúgbó àtàwọn tí ẹsẹ̀ wọn ò le kò lè gùn ún. Àwọn ènìyàn bá kó òkúta àti iyẹ̀pẹ̀ jọ láàárín ìlú, wọ́n pè é ní Fújì, wọ́n sì ń gun ìyẹn. Díẹ̀ nínú wọn ṣì wà dòní. Ohun tí àwọn ará Jàpáànù ṣe ni Ìyá Ìjọ yín ṣe, kò sì ka ìwé kankan kó tó ṣe é. Tòún, kí ló dé tí o fi ràkúnmí bo irú ìtàn yìí mọ́lẹ̀?"

Lucy fa Tòún jókòó, ó sì rọra sọ sí i létí pé, "Ìgbà wo lo máa mú wa lọ?"

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Tòún gbálẹ̀ kíláàsì lójoojúmọ́, Festus sì ń kí i ní "Ẹ kú iṣẹ́, ará Íjíbítì." Òun fúnra rẹ̀ a máa rẹ́rìn-ín sí i. Nígbà tó di ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ kejì tí Lucy ti Olúmọ dé, òun, Lucy, Kẹ́mi àti Festus wọ ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì ní Ìgándò. Ìyá Ìjọ, arúgbó kan tó tẹ́ẹ́rẹ́ nínú sùtánà funfun, ń dúró dè wọ́n.

"Ẹ kúulẹ̀ mà," ni wọ́n wí, wọ́n sì kúnlẹ̀. Festus dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ bọ́ bàtà yín."

Wọ́n bọ́ ọ. Ihò wà nínú ìbọ̀sẹ̀ Festus, àtàǹpàkò rẹ̀ sì yọjú síta, nítorí náà ó yára bọ́ ìyẹn náà. Ó gun Sínáì, ó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ bí ẹni tó ti rin ìrìn ọjọ́ púpọ̀. Ó dé orí rẹ̀, ó fi ọwọ́ bo iwájú orí.

"Mo ń rí Íjíbítì o!"

"Ìkọ̀tún lò ń wò yẹn," ni Ìyá Ìjọ dá a lóhùn, wọ́n sì rẹ́rìn-ín títí dé orí Ìyá Ìjọ fúnra rẹ̀.

Lucy ṣí báàgì rẹ̀. Ó mú agolo mílíìkì kan jáde, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún Tòún.

"Iyẹ̀pẹ̀ ìdí Olúmọ ni. O ò lè lọ, ni mo bá bu díẹ̀ wá fún ẹ."

Tòún wo Ìyá Ìjọ. Ìyá Ìjọ mi orí sí i pé bẹ́ẹ̀ ni. Tòún da iyẹ̀pẹ̀ náà sórí Sínáì, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ ẹ, ó sì gun orí rẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán, lójú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, inú rẹ̀ sì dùn ju ọjọ́ tí gbogbo kíláàsì dìbò fún un lọ.

Ó yé e wàyí pé kò sóhun tó yẹ kó tì í lójú nínú ilé tó ti wá. Irọ́ tó pa gba Olúmọ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Òtítọ́ tó sọ ló jẹ́ kí ọ̀rẹ́ náà bu Olúmọ wá bá a ní Ìgándò.