Ohùn Tó Ń Pe Bákàrè

"Wàá mú Ìyá àgbà jáde sí oòrùn àárọ̀ o. Má gbàgbé," ni Sàbírátù sọ fún ọmọ rẹ̀ bó ṣe ń gbé ẹrù ọjà rẹ̀ karí.

"Mo ti gbọ́, Màámi," ni Rùmáísà dáhùn. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò kúrò lára ilẹ̀kùn yàrá ìyá àgbà.

Àdúgbò Alabar, ní Kumasi, ní orílẹ̀-èdè Gánà, ni ilé wọn wà. Rùmáísà wà ní ọlidé. Bákàrè, bàbá àgbà rẹ̀, ti kú; ìyá àgbà ti ṣe opó rẹ̀ parí, aṣọ opó ti kúrò lára rẹ̀. Ó yẹ kó máa jáde. Kò jáde. Kò ṣí fèrèsé, kò jẹun tán rí. Àwọn aládùúgbò sì ń yìn ín! "Obìnrin tó mọyì ọkọ nìyẹn. Kí Ọlọ́run ṣe tiwa náà bẹ́ẹ̀." Háà! Irú àdúrà wo nìyẹn? Èèyàn ń gbẹ lọ níṣojú wọn, wọ́n ń ṣe àmín.

Ohun tó ń dẹ́rù ba Rùmáísà ni pé ìyá àgbà máa ń sọ̀rọ̀ nínú yàrá náà. "Bákàrè, ṣé o ti jẹun? Bákàrè, sún mọ́ bí." Ó sọ fún Esi, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní àdúgbò Dichemso. Esi fi èdè Twi pariwo, "Ei, saman! Iwin ni! Òkú bàbá àgbà yín ló wà níbẹ̀. Tó bá jẹ́ èmi, mi ò ní wọlé láéláé."

Bí Rùmáísà ṣe ń gbé abọ́ oúnjẹ sẹ́nu ilẹ̀kùn nìyẹn, táá sì sáré padà. Bí ìyá rẹ̀ bá dé láti ọjà, á ní, "Wọ́n jáde, Màámi. A tiẹ̀ rìn dé ẹnu géètì." Irọ́ funfun báláú! Ó rò pé kò pa ẹnikẹ́ni lára.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òun nìkan ló wà níta nígbà tí nǹkan ró gbì nínú yàrá. Ohùn tẹ̀ lé e: "Bákàrè! Bákàrè o, gbé mi dìde!"

Rùmáísà sún mọ́ ẹnu ọ̀nà yàrá náà. Ó mọ̀ pé ó yẹ kí òun wọlé. Ó na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn. Ohùn náà tún pè, ló bá fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, ó di ilé Esi. Wọ́n jọ ń wo fíìmù lórí fóònù, ṣùgbọ́n ohùn yẹn kò kúrò létí rẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ni Sàbírátù dé, tó bá ìyá àgbà, ìyá tó bí i, nílẹ̀. Ohùn arúgbó náà ti há. "Omi ni mo fẹ́ lọ bù," ló ń sọ.

Nílé ìwòsàn, dókítà wo fọ́tò eegun rẹ̀. Eegun ìdí ti kán. "Níbo ni wọ́n ti já bọ́?"

"Wọ́n dìde lórí ẹní lásán ni," ni Sàbírátù dáhùn.

Dókítà mirí. "Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ló ń bá wọn jà. Àìsàn ni, kì í ṣe ìfẹ́ ọkọ. Àgbàlagbà tó bá wà nínú rẹ̀ kì í jẹun dáadáa, kì í rìn, kì í rí oòrùn, eegun á sì di aláìlágbára. Ìrẹ̀wẹ̀sì fúnra rẹ̀ pàápàá lè ba eegun jẹ́. Eegun tó kán náà á tún dá kún ìrẹ̀wẹ̀sì."

"Ṣùgbọ́n wọ́n ń jáde! Rùmáísà ló ń mú wọn jáde."

Rùmáísà bú sẹ́kún. "Irọ́ ni mo pa, Màámi. Mo sì gbọ́ nígbà tí wọ́n ṣubú."

Ìyá rẹ̀ kò nà án, kò bú u. Ó kàn ń wò ó. Ìyẹn dun Rùmáísà ju ẹgba lọ.

Ó kúnlẹ̀ lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì. "Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá àgbà. Mo rò pé Bàbá ló ń dá yín lóhùn ni."

"Bákàrè ti kú, mo mọ̀," ni ìyá àgbà sọ. "Mo máa ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ lẹ́nu ilẹ̀kùn. Mo pe orúkọ rẹ títí, o ń sá. Ni mo bá kúkú ń pe ẹni tí kò lè sá fún mi mọ́."



Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún ìyá àgbà, wọ́n sì ń tọ́jú ọkàn rẹ̀ náà. Kò tíì lè dá rìn. Bóyá kò ní lè dá rìn mọ́. Rùmáísà ti gbé ẹní tirẹ̀ lọ sí yàrá ìyá àgbà. Síbẹ̀, bó bá wà ní kíláàsì, ó ṣì ń gbọ́ "gbé mi dìde".

Ẹ̀yin ọmọ, èèyàn ni aṣọ. Bí àgbàlagbà bá sé ara rẹ̀ mọ́lé, ẹ má yìn ín, ẹ má sì sá fún un. Ẹ wọlé tọ̀ ọ́, ẹ fà á lọ́wọ́ jáde, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Àwa tí a wà láàyè ló yẹ ká ṣe é, òkú kò lè gbé ẹnikẹ́ni dìde.