Ìgbálẹ̀ Gbígbẹ

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n tún ti dé. Mo ń gbọ́ ẹsẹ̀ wọn."

Àbúrò mi obìnrin ló sọ bẹ́ẹ̀, ó na ìka sí àjà. Kí eku tó mira lókè, ó ti gbọ́. Ìdí nìyẹn tí gbogbo ilé fi ń pè é ní Elétí. Èmi ò tilẹ̀ fẹ́ gbọ́ rárá, eku ń kó mi nírìíra.

Màmá wa ló ni ẹ̀rọ ìlọta, àpò àgbàdo sì máa ń kún yàrá ẹ̀yìn bámúbámú. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gé igbó ẹ̀yìnkùlé ni eku igbó ti kó wọ ibẹ̀. Wọ́n já àpò, wọ́n tọ̀ sí i, wọ́n yàgbẹ́ yí i ká. Òórùn ìtọ̀ wọn ń ta èèyàn lójú. Ṣíọ̀!

Lọ́sàn-án Sátidé kan, màmá mi gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì omi bílíìṣì fún mi, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ rọ́bà, àkísà àti ìbòmú kan ṣoṣo.

"Gbọ́ o, ìyá mi. Da omi sórí ìgbẹ́ eku yẹn kó rin gbingbin, kó o tó nù ún. Ìgbálẹ̀ gbígbẹ ò gbọdọ̀ kan ibẹ̀, eruku rẹ̀ ló ní àìsàn nínú. Àbúrò rẹ ò sì gbọdọ̀ wọlé."

"Mo ti gbọ́, mà."

Gbígbọ́ ni mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, ìgbẹ́ eku tó bá gbẹ, ńṣe ló ń yí lọ ní tiẹ̀. Èyí tó bá rin ló ń yọ̀, tó ń lẹ̀ mọ́ èèyàn níka. Mo nù ún lẹ́ẹ̀kan, ó fà bí ọbẹ̀ tó ti kan. Àwọn ọ̀rẹ́ mi sì ti ń pè mí níta, a fẹ́ lọ wo eré sísá nílé ìwé.

Mo ju àkísà sílẹ̀, mo mú ìgbálẹ̀.

"Elétí, wá bá mi di páànù ìkódọ̀tí mú!"

"Màmá ní kí n má wọlé."

"Ṣé màmá wà níbí ni? Ìṣẹ́jú méjì péré!"

Ó wọlé. Mo gbálẹ̀ wàràwàrà, eruku sì bo yàrá. Elétí ń sín, ó ń wúkọ́. Imú tèmi ni ìbòmú wà. Ẹ ka ibẹ̀ dáadáa: imú tèmi.

Ní ọjọ́ kẹwàá, ibà dé sí i lára. Ọ̀fun ń dùn ún, ó ń bì, oògùn ibà ẹ̀fọn ò ràn án. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ yọ nínú èrìgì rẹ̀, a gbé e dìgbàdìgbà lọ sílé ìwòsàn.

"Ṣé eku wà nílé yín?" Dókítà béèrè.

"Ó wà, àmọ́ omi bílíìṣì la fi nu ìgbẹ́ wọn," ni màmá mi dáhùn. "Ọmọ yìí ò tilẹ̀ débẹ̀."

Ó gbọ́wọ́ lé mi léjìká kí n bá a jẹ́rìí sí i. Ojú tì mí débi pé mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Mo wo Elétí lórí bẹ́ẹ̀dì.

"Ìgbálẹ̀ gbígbẹ ni mo lò, mà. Èmi ni mo pè é wọlé."

Màmá mi ò lù mí. Ó kàn gbọ́wọ́ kúrò léjìká mi.

"Ó dáa tó o sọ ọ́," Dókítà wí. "Ibà tí eku igbó ń gbé kiri la ó tọ́jú." Kíá ni wọ́n gbé e lọ sí yàrá ọ̀tọ̀.

Ọlọ́run bá wa ṣe é, kò kú. Ṣùgbọ́n ibà yẹn mú etí rẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ kan lẹ́yìn tó padà wálé, nǹkan sáré kọjá lájà. Mo wo àbúrò mi. Ó ń yàwòrán lọ, kò gbórí sókè. Kò sẹ́ni tó ń pè é ní Elétí mọ́.

Eku ṣì ń rí mi lára. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin tó bo imú ara rẹ̀, tó wá pe àbúrò rẹ̀ sínú eruku, òun ló ń rí mi lára jù. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, iṣẹ́ tó bá kó yín nírìíra, ẹ ṣe é bí wọ́n ṣe ní kẹ́ ẹ ṣe é. Ẹ má gé e kúrú, ẹlòmíì ló lè jìyà rẹ̀.

Mo dìde, mo wọ ìbọ̀wọ́ àti ìbòmú, mo po omi bílíìṣì, mo ti ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn mọ́ra mi. Mo da omi náà sórí ìgbẹ́ eku tó wà níbẹ̀ títí ó fi rin gbingbin. Ó lẹ̀ mọ́ ìbọ̀wọ́ mi, mo sì nù ún tán.