Àmì Ẹfun Lẹ́nu Ilẹ̀kùn Àtọ́kẹ́

Àtọ́kẹ́ ń sá iṣu èlùbọ́ sórí àpáta ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ní Ògbóòro láàárọ̀ ọjọ́ kan. Sọ̀fíyàt, ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún kan àbọ̀, ń ṣeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ṣèyí, tó ń bá ẹgbẹ́ alábẹ́rẹ́ àjẹsára kiri, yọ fóònù rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó sì rí àmì ẹfun lára ògiri. Ó ní, "Àwọn ẹgbẹ́ kejì ti ṣe tibí," ó bá kọjá lọ.

Ẹgbẹ́ méjì ló ń fi fóònù kọ orúkọ ọmọdé fún abẹ́rẹ́ èéyi. Ọ̀fẹ́ ni ètò orí fóònù àwọn méjèèjì, ẹni tó bá wù ló sì lè wo inú rẹ̀ kó tún un ṣe. Síbẹ̀, ojú orogún ni wọ́n fi ń wo ara wọn; fóònù èyí kì í ka àkọsílẹ̀ tìyẹn. Ọ̀tún ló yẹ kó wẹ òsì, kí òsì wẹ ọ̀tún, kọ́wọ́ tó mọ́. Àwọn wọ̀nyí, kálukú ń wẹ tirẹ̀ lọ́tọ̀! Mùyìbátù, ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ kejì, tó fa ẹfun yẹn, kò gún ẹnikẹ́ni. Orúkọ nìkan ló kọ, ó rò pé ẹgbẹ́ Ṣèyí ti gún wọn.

Lọ́sẹ̀ kẹta, ara Sọ̀fíyàt gbóná, ó sú wínníwínní, ojú rẹ̀ sì pọ́n.

Àtọ́kẹ́ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì Olúwafọlákẹ́mi níbẹ̀ bèèrè pé, "Ìyá Sọ̀fíyàt, ṣé wọ́n ti gún un ní ti èéyi?"

"Wọ́n ti sàmì sí ilé wa, Nọ́ọ̀sì."

"Àmì kọ́ ni abẹ́rẹ́ o. Káàdì ni kẹ́ ẹ máa bèèrè, kẹ́ ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n gún ọmọ àti orúkọ abẹ́rẹ́ náà níbẹ̀."

Nọ́ọ̀sì ránṣẹ́ pe Ṣèyí àti Mùyìbátù. Wọn ò lè wo ojú ìyá ọmọ. Ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n pe àwọn tó ṣe ètò méjèèjì. Àwọn orogún jókòó ti iṣẹ́ kan náà, nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, fóònù méjèèjì ti ń ka ara wọn. Bí wọ́n ti da orúkọ pọ̀ báyìí, láàárín ìṣẹ́jú kan, ọmọ mẹ́tàlélógójì yọ sójú fóònù, tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan rò pé èkejì ti gún.

"Sùbùhánálláhì!" Mùyìbátù la ẹnu sílẹ̀. "Ìṣẹ́jú kan péré!"

Ìyanu gbáà ni. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, wọ́n ti gún gbogbo wọn tán, títí dé abà tó jìnnà jù.

Sọ̀fíyàt yè, ṣùgbọ́n ojú òsì rẹ̀ kò ríran mọ́. Àtọ́kẹ́ wo fóònù náà títí. "Ẹ̀rọ yìí mà lágbára o. Ṣé kò lè ṣe é tẹ́lẹ̀ ni?"

"Ó lè ṣe é, Ìyá Sọ̀fíyàt," ni Ṣèyí wí. "Àwa la ò bá ara wa sọ̀rọ̀."

Ẹ̀yin òbí, ẹ bèèrè káàdì, ẹ má gbára lé ẹfun. Ẹ̀yin tí iṣẹ́ kan náà wà lọ́wọ́ yín, ẹ jẹ́ kí àkọsílẹ̀ yín mọ ara wọn lónìí. Ojú kan tó kù fún Sọ̀fíyàt ń wò wá.