Ojú Tó Wà Nínú Fóònù

Ará Ajégúnlẹ̀ kì í tètè ya ẹnu sí nǹkan, ṣùgbọ́n wọ́n ya ẹnu sí ọ̀rọ̀ Godspower. Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ẹsẹ̀ ló fi ń rìn dé pápá bọ́ọ̀lù, bàtà rẹ̀ sì ti jẹ ní gìgísẹ̀. Ká tó ṣẹ́jú pẹ́, ó ti ra jíìpù dúdú, ó ti kó ìyá rẹ̀, Doris, lọ sí fúláàtì ní Àpápá. Ohun kan ṣoṣo tí kò dáa níbẹ̀ ni pé ọ̀sẹ̀ tí owó dé náà ni ojú Doris fọ́. Wọ́n ní àìsàn ojú ni, gbogbo ayé sì gbà bẹ́ẹ̀, torí owó ti wà ńlẹ̀.

Iṣẹ́ kan náà ni Godspower àti Mùnírù, ọmọ àdúgbò rẹ̀, jọ ń ṣe. Wọ́n ń fi fóònù ya fídíò àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń wá agbábọ́ọ̀lù lókè òkun. Ayafídíò kò gbọdọ̀ kọjá ìlà funfun etí pápá, nítorí náà ẹni tí súùmù fóònù rẹ̀ bá lágbára ni yóò jẹun. Ti Mùnírù kò lágbára rárá. Bí ọmọ bá ti sáré dé ìdí gólù kejì, ojú rẹ̀ á dà bí ẹ̀kọ tó dà sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ nínú fídíò Godspower, ẹ lè ka irun ìpéǹpéjú ọmọ tó wà ní òdìkejì pápá. Ó ń ta Mùnírù lára gan-an ni.

Ó lọ bá Chiamaka tó ń ta fóònù àlòkù ní Amukoko.

"Má wo nọ́ńbà tí wọ́n kọ sẹ́yìn ẹ̀," ni Chiamaka wí. "Gbogbo wọn ló ń kọ ọgọ́rùn-ún, igba. Súùmù méjì ló wà. Ọ̀kan, gíláàsì inú ẹ̀ ló ń fa nǹkan wá sí tòsí. Ìkejì, ó kàn gé àwòrán ni, ó wá fẹ̀ ẹ́. Ìyẹn ló ń dójú tì ẹ́. Oya, gbé eléyìí síta, kọjú ẹ̀ sí pátákó ṣọ́ọ̀ṣì yẹn."

Mùnírù gbé e. Pátákó náà wà ní ìparí àdúgbò, ṣùgbọ́n ó ka nọ́ńbà pásítọ̀ láìfojú pọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, àwòrán kò gbọ̀n. Ó wọ abẹ́ òrùlé níbi tó ṣókùnkùn, ó tún ya àwòrán, ó mọ́ kedere. Fóònù náà wọ̀ ọ́ lójú gan-an. Nígbà tí Chiamaka dárúkọ iye rẹ̀, ó rọra gbé e padà sórí tábìlì, ó ní òun máa padà wá. Àwọn méjèèjì mọ̀ pé irọ́ ni.

Jíìpù dúdú ti dúró níta, Godspower yọ orí.

"Eré ọmọdé ni wọ́n ń tà níbẹ̀," ó wí. "Wọlé, jẹ́ kí n mú ẹ lọ síbi tí èmi ti mú tèmi."

Ó ṣeé ṣe kó sọ pé rárá. Ó wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn jíìpù fúnra rẹ̀.

Marine Beach ni wọ́n lọ, létí omi, lẹ́yìn àwọn ọkọ̀ ojú omi tó ti bàjẹ́. Kọ̀ntéínà kan wà níbẹ̀ tó ti dípẹtà tán. Òórùn epo pupa àti dísẹ́ẹ̀lì ń jáde lára rẹ̀. Ọ̀sán gangan ni, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe wọlé tí ilẹ̀kùn irin pa dé, òkùnkùn bo Mùnírù mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ló rí ìmọ́lẹ̀. Fóònù ni wọ́n fi òwú pupa so kọ́ sára ògiri, ó tó ogún, kò sí wáyà iná kankan lára wọn, gbogbo wọn sì tàn. Ẹyinjú kan ló wà lójú fóònù kọ̀ọ̀kan. Kì í ṣe fọ́tò. Wọ́n ń ṣẹ́jú. Ọ̀kan nínú wọn ní àpá funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọlójú, irú èyí tó wà lójú Doris láti kékeré. Ojú náà yí, ó wo Godspower, omijé tó ki bí ọyún ọgbẹ́ ṣàn sílẹ̀ lára gíláàsì. Godspower kò wo ibẹ̀.

Àgbàlagbà kan jókòó sórí táyà. Pápá Martins ni wọ́n ń pè é, adáhunṣe tí kì í jáde lọ́sàn-án. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, ó tutù.

"Ta ló ń wọ̀nà fún ọ?"

"Kò yé mi, bàbá."

"Bí o bá pẹ́ níta, ta ni kì í sùn?"

Mùnírù kò fẹ́ dáhùn, ẹnu rẹ̀ ló ṣáà sọ ọ́. "Ẹ̀gbọ́n mi ni. Sàlímọ́tù."

Sàlímọ́tù ló tọ́ ọ dàgbà látìgbà tí ìyá wọn ti kú ní Ìsẹ́yìn. Ó ń rán jẹ́sì bọ́ọ̀lù ní Amukoko, iṣẹ́ abẹ́rẹ́, iṣẹ́ ojú. Òun àti Mùnírù àti ọmọ rẹ̀ obìnrin, Morádéún, tó pé ọdún mẹ́tàdínlógún, ni wọ́n jọ ń gbé yàrá kan.

"Ojú tó ti mọ́ lára láti máa wo ọ̀nà jíjìn," ni Pápá Martins wí. "Gíláàsì wo ló fẹ́ bá a dù ú? Ọ̀kan tìrẹ nínú fóònù, ọ̀kan tèmi lára ògiri."

"Ẹ̀mí rẹ̀ ńkọ́?"

"Ta ló bèèrè ẹ̀mí lọ́wọ́ rẹ?" Ó gbé fóònù kan jáde nínú ìkòkò, ó gún àtàǹpàkò Mùnírù. Ẹ̀jẹ̀ kán sórí kámẹ́rà, ó sì wọlé lọ, fóònù ti mu ún. Bàbá náà pe ọfọ̀: "Ẹyinjú, mo pè ọ́, má bèèrè ẹni tó rán mi. Ìpéǹpéjú, mo ní kí o ṣí, má pa dé mọ́. Ọ̀nà tí ò ń wò, èmi ni mo ti dé." Ó di ọwọ́ Mùnírù mú pinpin. "Dúró lókèèrè. Fa ojú rẹ̀ wá títí tí kò fi ní sí ohun mìíràn níbẹ̀ ju dúdú inú rẹ̀ lọ. Pe orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ kẹjọ, lẹ́ẹ̀kan péré. Bó bá ti ní hẹn, ó parí. Ẹ̀jẹ̀ ti kán, kò sí àyípadà mọ́. Ó pẹ́ tán, lọ́jọ́ keje, ẹnìkan gbọ́dọ̀ fi ojú sílẹ̀. Bí kò bá dáhùn, tìrẹ ni."

Ọjọ́ mẹ́fà ni Mùnírù fi ń bá ọkàn ara rẹ̀ wíjọ́. Ojú lásán ni, kì í kúkú ṣe ẹ̀mí. Òun á kọ́lé fún un, òun á gba ọmọ ọ̀dọ̀, kò ní fọwọ́ kan abẹ́rẹ́ mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ènìyàn ṣe ń tan ara rẹ̀ jẹ. Ní gbogbo ọjọ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, oúnjẹ tí Sàlímọ́tù dé sílẹ̀ fún un ló ń jẹ.

Ọjọ́ keje bọ́ sí Jímọ̀. Lẹ́yìn ìrun, ó gun ilé alájà kan tí wọn ò tíì kọ́ parí lọ́ọ̀ọ́kán ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó gbé fóònù sókè, ó fa súùmù. Ó rí pátákó ṣọ́ọ̀bù. Ó rí máṣíìnì. Ó rí ọwọ́ tó ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́, àní ó rí itọ́ tó fi tọ́ ẹnu òwú. Ó rí ojú kan. Ó rí dúdú inú ojú, nínú dúdú náà sì ni ọkùnrin kékeré kan dúró lórí ilé alájà tó gbé fóònù dání. Òun fúnra rẹ̀ ni. Ó pè é.

"Sàlímọ́tù!"

Ohùn náà dé etí rẹ̀. Sàlímọ́tù gbórí sókè, ẹnu rẹ̀ ti là láti dáhùn. Ó tún pa á dé. Látọjọ́ tí wọ́n ti bí Mùnírù, kò pe orúkọ yìí rí. Ẹ̀gbọ́n mi tàbí Ìyá Morádéún ló ń pè é, pẹ̀lú ẹ àti ẹ̀yin, kódà tí inú bá ń bí i. Ohùn àbúrò òun ni, ṣùgbọ́n àbúrò òun kì í sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù bà á. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó ń ka àúsù sínú, kí Ọlọ́run ṣọ́ òun lọ́wọ́ èṣù.

Fóònù tutù nini lọ́wọ́ Mùnírù. Ó fẹ́ jù ú nù, kò jábọ́. Ó ń wọ́ bọ̀ wá sí ojú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tòun ti ọwọ́ tó dì í mú, títí gíláàsì fi lẹ̀ mọ́ ọn. Nǹkan kan já nínú orí rẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n fa òwú já. Lẹ́yìn náà ni ìkejì já.

Igbe rẹ̀ gba àdúgbò, Sàlímọ́tù ló kọ́kọ́ dé òkè. Ihò méjì ló bá níwájú orí àbúrò rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ dé àyà. Wọn ò rí fóònù kankan. Dókítà ní òun kò rí irú rẹ̀ rí, kò sí àpá ọ̀bẹ níbẹ̀.

Mùnírù kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun ṣì ń ríran. Ojú kan ṣú pátápátá. Ìkejì wà lára ògiri Pápá Martins lórí òwú pupa, kì í sùn. Tọ̀sán-tòru ló ń wo inú kọ̀ntéínà. Ojoojúmọ́ ni Sàlímọ́tù ń bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé, kí ló dé tó pe òun lórúkọ lọ́jọ́ náà? Ojoojúmọ́ ló ń yí ọ̀rọ̀ náà sí ibòmíràn.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó jókòó sí ṣọ́ọ̀bù, máṣíìnì ń dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nígbà tó rí ilẹ̀kùn irin kọ̀ntéínà tó ṣí. Godspower ló ṣáájú. Ọmọbìnrin kan tẹ̀ lé e, ó wọ jẹ́sì pupa tí ìyá rẹ̀ rán fún un. Mùnírù kò lè gbọ́ nǹkan kan, ó kàn ń wo ètè wọn. Pápá Martins bèèrè. Morádéún dáhùn: màmá mi ni. Lẹ́yìn náà ni àgbàlagbà náà fa àtàǹpàkò rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì kán.

"Ìyá Morádéún, níbo ni ọmọ yín lọ?"

"Ó ní òun ń lọ wo fóònù. Ó fẹ́ máa ṣe iṣẹ́ rẹ, kí á lè rí nǹkan fi tọ́jú ojú rẹ."

"Ẹ dá máṣíìnì dúró, ẹ jọ̀ọ́."

Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un, kò fi ọ̀kan pa mọ́. Ó ní, "Ojú yín ni mo fẹ́ tà." Ó ń sunkún láìsí omi. Sàlímọ́tù kò pariwo, kò sì gbá a létí. Ó bèèrè.

"Ẹ̀jẹ̀ Morádéún ti kán síbẹ̀?"

"Ó ti kán. Bó bá pe orúkọ yín, ẹ má dáhùn."

"Bí mi ò bá dáhùn ńkọ́?"

Mùnírù gbé ọwọ́ sí ihò ojú ara rẹ̀. Ó gbọ́ tí àga ń wọ́ nílẹ̀ lọ síta, ó gbọ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó sórí rẹ̀.

"Ìyá Morádéún, kí lẹ ń ṣe níbẹ̀?"

"Mò ń retí ọmọ mi," ni Sàlímọ́tù wí. "Tó bá pè mí, màá dáhùn."